Ẹ Kọ Nọ́ńbà Sára Àpótí!

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ bá mi gbọ́ ẹjọ́ yìí, kí ẹ sì dá a bó ṣe yẹ. Gìtá ni mo ń ta. Mo ní àpótí sípíkà kan, sípíkà oní-ínǹṣì 12 méjì ló wà nínú rẹ̀, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lọ́jọ́ Sátidé tí wọ́n bá pè wá sí òde ìgbéyàwó tàbí òkú àgbà, ampilifáyà kan ṣoṣo ni mo máa ń gbé lọ, mo sì fẹ́ kó gbé sípíkà méjèèjì pọ̀. Mónò nìyẹn. Lọ́jọ́ Àìkú, ní ṣọ́ọ̀ṣì, ampilifáyà méjì ló wà nílẹ̀, pẹ́dà tí mo ń fẹsẹ̀ tẹ̀ sì máa ń pín ohùn gìtá sí ọ̀tún àti òsì. Níbẹ̀, mo fẹ́ kí sípíkà kan máa ṣe ti ọ̀tún, kí èkejì máa ṣe ti òsì. Sítẹ́ríò nìyẹn. Kí àpótí kan ṣoṣo máa ṣe méjèèjì ni mo béèrè. Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni bá mi ra mọ́tò. Mi ò ní kí wọ́n fi mí joyè. Kí wọ́n bá mi to wáyà díẹ̀ sínú àpótí, kí wọ́n sì kọ ohun tí wọ́n tò sára rẹ̀, ni mo wí.

Ẹ wá wo ohun tójú mi rí.

Sípíkà tó wà nínú àpótí náà nígbà tí mo rà á, 8 ohm ni wọ́n kọ sẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo bi oníṣẹ́ rédíò àdúgbò wa pé, bí a bá so méjèèjì pọ̀, ohm mélòó ni ampilifáyà máa bá pàdé? Ó wò mí tìyanu-tìyanu. Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ̀yin náà ṣáà lọ síléèwé. 8 àti 8, ṣé kì í ṣe 16 ni?" Mo bi ẹni tó ń ta sípíkà lọ́jà. Òun ní, "8 ni, ọ̀gá. Ọ̀kan jẹ́ 8, èkejì jẹ́ 8, kí ló máa wá yí i padà?" Ẹni tó ń ta gìtá béèsì nínú ẹgbẹ́ wa ní irọ́ ni gbogbo wọn ń pa, pé 4 ni. Èèyàn mẹ́ta, ìdáhùn mẹ́ta, gbogbo wọn ló sì fi Ọlọ́run búra. Èyí tó dùn mí jù nínú ẹ̀ ni pé ẹni àárín nìkan ló jìnnà sí òótọ́. 16 wà, 4 náà wà. Bí wọ́n bá ṣe so wáyà ló máa sọ èyí tó jẹ́. Kò sì sí ẹnì kan nínú wọn tó bi mí pé, "Báwo lẹ ṣe fẹ́ ká so ó?"

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fún yín bó ṣe yẹ kí wọ́n ti sọ ọ́ fún mi. Ohm ni wọ́n fi ń wọn bí nǹkan ṣe ń dí iná lọ́nà. Bí ìsìn bá parí ní ṣọ́ọ̀ṣì tó ní ilẹ̀kùn kan ṣoṣo, ẹ mọ bí èrò ṣe máa ń há sẹ́nu ọ̀nà. Bí wọ́n bá ṣí ilẹ̀kùn mìíràn tó bá a dọ́gba sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, èrò á máa rọ́ jáde, ìdínà ti dín sí ìdajì. Párálẹ̀ẹ̀lì nìyẹn: ẹ so pupa mọ́ pupa, ẹ so dúdú mọ́ dúdú, 8 méjì á di 4. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé ẹni tó gba ilẹ̀kùn kìíní kọjá tún máa bá ilẹ̀kùn kejì níwájú kó tó rí ìta, ìdínà ti di ìlọ́po méjì. Síríìsì nìyẹn: iná á gba inú sípíkà kìíní kó tó wọ èkejì, 8 méjì á di 16. Bí ọ̀kan bá sì kú, méjèèjì á dákẹ́. Ẹ̀kọ́ náà ti parí. Ẹ ò rí i pé kò gbà yín lákòókò?

Georg Ohm, ọmọ Jámánì tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe ìwọ̀n yìí, olùkọ́ iléèwé ni ní ìlú Köln. Ọdún 1827 ló tẹ ìwé rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí jáde. Àwọn ọ̀mọ̀wé ilẹ̀ rẹ̀ ò kà á sí, ó fi iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ọdún 1841 ni Royal Society ti ìlú London tó dá a lọ́lá pẹ̀lú àmì-ẹ̀yẹ Copley. Ọdún mẹ́rìnlá gbáko ló fi retí kí ayé gbọ́ òun. Bàbá, ẹ má sunkún mọ́. Ní àdúgbò tiwa, a ò tíì gbọ́ yín títí di òní.

Ẹnì kan lè sọ pé kí ni mo ń fi ohm ṣe, ṣebí kí gìtá ṣáà ti dún. Ẹ̀yìn ampilifáyà tí mo ń gbé lọ sóde ni kí onítọ̀hún lọ kà. Oní-tiransísítọ̀ ni, wọ́n sì kọ ọ́ sí i pé kò gbọdọ̀ rí ohun tó bá kéré ju 8 ohm lọ. Oníṣẹ́ rédíò tó búra pé 16 ni, párálẹ̀ẹ̀lì ló so sípíkà méjèèjì. 4 ohm ni ampilifáyà mi bá pàdé. Bí ohm bá já sí ìdajì, iná tí sípíkà ń fà lára ampilifáyà á di ìlọ́po méjì, ara rẹ̀ á sì máa gbóná. Ó gbóná títí, ó wá dákẹ́ wẹ́lo níbi tí ìyàwó ti ń jó wọlé. Ìyàwó dúró. Àwọn ọ̀rẹ́ ìyàwó dúró. Alága ìdúró pàápàá, tí kì í dákẹ́, dákẹ́. Gbogbo ojú yí sí onígìtá. Nígbà tí mo gbé e padà fún oníṣẹ́ wa, ó tú u, ó gbóòórùn rẹ̀, ó ní, "Ọ̀gá, NEPA ni o." Jẹnẹrétọ̀ la lò lọ́jọ́ náà!

Àwọn olùdámọ̀ràn wá dé. Ọ̀kan nínú wọn ní ampilifáyà onítúùbù nílé, ó ní kí n má fi ohm da ara mi láàmú, pé ohun tó ń pa ampilifáyà ni kéèyàn tan án láìso sípíkà mọ́ ọn. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ti onítúùbù nìyẹn. Bí onítúùbù bá ń dún láìsí sípíkà lẹ́yìn rẹ̀, tíráńsífómà tó ń ti ohùn jáde lè jóná, ó sì tún fẹ́ kí ohm sípíkà bá èyí tí wọ́n kọ sẹ́yìn rẹ̀ mu. Oní-tiransísítọ̀ ní tirẹ̀ lè wà láìsí sípíkà kó má sì sí nǹkan kan. Ohm tó bá kéré jù ni ọ̀tá rẹ̀. Oògùn tó wo tọ̀hún sàn ló máa pa tibí. Àwọn olùdámọ̀ràn mi kì í sì í sọ ampilifáyà tí wọ́n ń bá wí kí wọ́n tó la ẹnu.

Mo jókòó, mo ṣírò. Bí mo bá lo sípíkà 16 ohm méjì, párálẹ̀ẹ̀lì á sọ wọ́n di 8, mónò mi ti bọ́ sí i. Bí mo bá ya wọ́n, ọ̀kọ̀ọ̀kan á dúró lórí 16 tirẹ̀, kò sì sí oní-tiransísítọ̀ tó máa gbóná nítorí 16. Ohùn rẹ̀ á kàn rẹlẹ̀ díẹ̀ ni. Ilé iṣẹ́ Celestion nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń ṣe sípíkà gìtá kan náà ní 8, wọ́n ń ṣe é ní 16. Vintage 30 wọn, bí àpẹẹrẹ, 60 wọ́ọ̀tì ni, kí ẹ ṣáà sọ ohm tí ẹ fẹ́. Ó dùn ún gbọ́ létí. Mo wá mórí lé ọjà.

Òntàjà àkọ́kọ́ ní wọn kì í ṣe 16 mọ́. Òmíràn ní ó wà, ó gbé tòkunbọ̀ kan jáde, ó fi ìka nu eruku ẹ̀yìn rẹ̀: lóòótọ́, ẹnì kan ti fi bírò kọ 16 síbẹ̀. Mo yọ mítà lápò. Mítà ka 6 ohm àti díẹ̀. Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ọ̀gá, ṣé ẹ ò mọ̀ pé mítà kì í pé ni? Ó máa ń dín nǹkan kù." Ẹ rí i pé òótọ́ díẹ̀ tún wà níbẹ̀. Nọ́ńbà tí wọ́n kọ sára sípíkà, ti ìgbà tí orin ń gba inú rẹ̀ kọjá ni. Iná bátìrì tó dúró sójú kan ni mítà ń lò, nítorí náà ó máa ń kà á lọ sílẹ̀ díẹ̀. Ojúlówó 16 á fi 12 tàbí 13 hàn. 8 á fi 6 tàbí 7 hàn. Mo ṣàlàyé ẹ̀ fún un. Ó fara balẹ̀ gbọ́ mi, ó mi orí, ó wá ní, "Nítorí àlàyé tẹ́ ẹ ṣe yìí, mo ti gé ẹgbẹ̀rún méjì náírà kúrò lórí 16 náà fún yín."

Mo rí ojúlówó rà nígbẹ̀yìn, mi ò ní sọ iye tí mo rà á, nítorí ìyá àwọn ọmọ mi náà mọ̀wé kà.

Ọ̀rọ̀ wá kan jáàkì. Ohun tó ń jẹ́ kí àpótí kan ṣe mónò kó tún ṣe sítẹ́ríò kò ju jáàkì kékeré kan tó ní ẹsẹ̀ mẹ́ta lọ. Ẹsẹ̀ kan ń bá orí pílọ́ọ̀gì pàdé, ìkejì ń bá ìdí rẹ̀ pàdé. Ìkẹta máa ń fara kan ẹsẹ̀ orí nígbà tí ihò bá ṣófo; bí pílọ́ọ̀gì bá ti wọlé báyìí, á ta kúrò. Ẹ so sípíkà kìíní mọ́ jáàkì kìíní, kí ẹ so èkejì mọ́ jáàkì kejì, kí ẹ fa wáyà láti orí jáàkì kìíní lọ sí ẹsẹ̀ kẹta jáàkì kejì, kí ẹ sì so ẹsẹ̀ ìdí méjèèjì pọ̀. Ó tán. Bí ihò kejì bá ṣófo, ohun tó bá gba ihò kìíní wọlé á dé ọ̀dọ̀ sípíkà méjèèjì: mónò. Bí ẹ bá ki nǹkan bọ ihò kejì, wọ́n á pínyà, kálukú á gba ti ampilifáyà tirẹ̀: sítẹ́ríò. Kò sí súìṣì tí ọmọdé máa tẹ̀, kò sí ohun tí àgbà máa gbàgbé.

Mo lọ ra á. Wọ́n kó oní-ẹsẹ̀ méjì fún mi. Mo ní ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ni mo wí. Wọ́n ní ìkẹta kì í ṣe nǹkan kan, pé gígé ni àwọn máa ń gé e dànù kó lè rọrùn láti jó lẹ́ẹ̀dì sí. Ẹ gbọ́ o! Ẹsẹ̀ tí gbogbo ọgbọ́n iṣẹ́ náà dúró lé!

Ẹlòmíràn tó gbọ́n díẹ̀ ní kí n fi jáàkì sílẹ̀, kí n lo súìṣì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́fà. Èyí dáa ní tòótọ́ fún irú àwọn ampilifáyà kan tí iná ń gba wáyà dúdú wọn náà jáde, tí dúdú ti ọ̀tún ò gbọdọ̀ fara kan dúdú ti òsì, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ wọ́n á ba ara wọn jẹ́. Súìṣì náà á ya pupa, á ya dúdú. Jáàkì oníke la sì gbọ́dọ̀ lò pẹ̀lú rẹ̀, kí páànù ẹ̀yìn àpótí má baà so ohun tí a yà pọ̀ padà. Àmọ́ ta ló máa tẹ súìṣì náà? Àwọn ọmọ tó ń bá wa gbẹ́rù ni. Bí ọ̀kan nínú wọn bá tẹ̀ ẹ́ sí mónò nígbà tí ampilifáyà méjì wà nílẹ̀, ihò kejì ti kú nìyẹn, bó bá jẹ́ onítúùbù lẹ so mọ́ ọn, ó ń dún sínú òfìfo, ẹ sì ti gbọ́ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí onítúùbù tó bá ń dún sínú òfìfo. Ampilifáyà ṣọ́ọ̀ṣì ni o! Ta ni wọ́n máa mú? Èmi ni.

Mo taku sórí jáàkì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta títí mo fi rí i rà. Wọ́n to wáyà tán, ohùn jáde, ohùn ìsàlẹ̀ gìtá mi sì ti fò lọ. Oníṣẹ́ ní bóyá gìtá ló gbó. Gìtá kọ́! Ó yí pupa àti dúdú padà lára sípíkà kan ṣoṣo ni. Bí páálí sípíkà ti ìhín ṣe ń tì síwájú, ti ọ̀hún ń fà sẹ́yìn. Ọ̀kan ń fẹ́ afẹ́fẹ́ jáde, èkejì ń gbé e mì. Ohùn tín-ín-rín ló ṣẹ́ kù fún mi. Bátìrì tọ́ọ̀ṣì kan ló sì máa ń fi irú èyí hàn: ẹ fi orí bátìrì kan pupa, ẹ fi ìdí rẹ̀ kan dúdú, ẹ yọ ọ́ kíá. Bí páálí bá yọ síwájú, ó tọ̀nà. Bó bá wọlé sẹ́yìn, ẹnì kan ti yí i. Àfi JBL àtijọ́, tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe kó máa wọlé nígbà tí ti ayé yòókù ń jáde. Ṣé ẹ rí i báyìí pé kì í ṣe àwọn oníṣẹ́ àdúgbò mi nìkan ló gbógun tì mí?

Ẹni tó sì ní kí wáyà gìtá àti wáyà sípíkà máa lo pílọ́ọ̀gì kan náà, èmi àti ẹ̀ á pàdé. Ilé iṣẹ́ tẹlifóònù ló kọ́kọ́ lo irú pílọ́ọ̀gì yìí ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, níbi tí wọ́n ti ń fọwọ́ so ẹni tó pè mọ́ ẹni tó gbé e. Títí di òní olónìí òun náà la ṣì ń kì bọ gbogbo ihò. Lóde, wọn ò yàtọ̀. Nínú, wáyà gìtá ní okùn tín-ín-rín kan tí wọ́n fi àwọ̀n bò kí ariwo má baà wọ̀ ọ́, nígbà tí ti sípíkà jẹ́ wáyà méjì tó sanra. Àwọn ọmọ tó ń bá wa gbẹ́rù a mú èyí tó bá wà nítòsí. Bó bá di pé wáyà gìtá ń gbóná lẹ́yìn àpótí, wọ́n á ní, "Bọ̀dá, ṣebí ó wọlé?" Ó wọlé o. Olè náà máa ń wọlé.

Ẹ jẹ́ ká ní gbogbo ẹ̀ ti wá tò. Alan Blumlein, ẹlẹ́rọ ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tó ń ṣiṣẹ́ fún EMI, ti kọ̀wé gba ẹ̀tọ́ lórí sítẹ́ríò láti ọdún 1931. Roland ti ilẹ̀ Japan gbé Jazz Chorus JC-120 jáde ní 1975: ampilifáyà 60 wọ́ọ̀tì méjì àti sípíkà 12 ínǹṣì méjì nínú àpótí kan ṣoṣo, tí ohùn gìtá ń lọ tó ń bọ̀ láàárín wọn. Ilẹ̀ tí Sunny Adé àti Ebenezer Obey ti to onígìtá rẹpẹtẹ sórí ìtàgé ni mo wà. Mo ní ó yé àwọn èèyàn mi. Mo so ọ̀tún mọ́ ọ̀tún, mo so òsì mọ́ òsì, mo tẹ pẹ́dà. Onísáúǹdì ṣọ́ọ̀ṣì wa rìn wá pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó gbé máíkì kan ṣoṣo síwájú sípíkà ọ̀tún, ó sì padà síbi tó ti ń jẹ gúgúrú. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ó ku èkejì." Ó ní, "Bọ̀dá, ṣebí gìtá kan náà ni?" Máíkì kejì tí mo fi ẹ̀bẹ̀ gbà lọ́wọ́ ẹ̀, ó dà á pọ̀ mọ́ tàkọ́kọ́ lórí tábìlì rẹ̀, nítorí mónò ni wọ́n so gbogbo sípíkà ilé ìsìn látìgbà tí wọ́n ti kọ́ ọ.

Alàgbà tó máa ń jókòó síwájú lápá òsì, tí àpótí mi kọjú sí gan-an, pè mí lẹ́yìn ìsìn. "Ìwọ ọmọ yìí, kí ló dé tí gìtá rẹ ń wá tó ń lọ? Ṣé kò rí oúnjẹ jẹ ni?" Mo dọ̀bálẹ̀. Mo ní, "Sítẹ́ríò ni, sà." Bàbá ní, "A máa fi sínú àdúrà."

Nítorí náà, ẹ gbọ́ ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún. Ẹni tó bá so sípíkà sínú àpótí, kó kọ ọ́ sẹ́yìn rẹ̀: ohm mélòó fún mónò, ohm mélòó fún sítẹ́ríò, ihò wo la ń kọ́kọ́ lò, wọ́ọ̀tì mélòó ló lè gbà. Kì í ṣe ohun tẹ́nìkan ò ṣe rí. Àpótí Marshall 1960A ní sípíkà mẹ́rin nínú, wọ́n sì kọ ọ́ gàdàgbà sára irin ẹ̀yìn rẹ̀: mónò 4, mónò 16, sítẹ́ríò 8 ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Bí ẹni tó ní mẹ́rin bá lè kọ ọ́, kí ló ń ṣe ẹni tó ní méjì?

Nígbà tí mi ò rẹ́ni gbọ́ mi, mo fọwọ́ ara mi ra ọ̀dà funfun, mo kọ ọ́ sẹ́yìn àpótí mi lẹ́tà ńláńlá: IHÒ KÌÍNÍ NÌKAN, MÓNÒ, 8 OHM. IHÒ MÉJÈÈJÌ, SÍTẸ́RÍÒ, 16 OHM Ọ̀KỌ̀Ọ̀KAN. WÁYÀ SÍPÍKÀ NÌKAN. Ó dára lójú, ó sì hàn kedere.

Ìgbìmọ̀ tó ń ka ẹrù ìjọ wá ṣe iṣẹ́ wọn. Wọn ò bi mí pé ta ló ni àpótí. Wọ́n mú ìwé ńlá kan, wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ orí ọ̀dà mi, kò sì ṣeé ṣí mọ́: OHUN ÌNÍ ÌJỌ, 47. Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, oníṣẹ́ tuntun tí wọ́n pè pé kó wá wo ampilifáyà ṣọ́ọ̀ṣì bẹ̀rẹ̀ sẹ́yìn àpótí mi, ó kà á, ó tún un kà, ó wá gbójú sókè wò mí tàánú-tàánú. Ó ní, "47 ohm kẹ̀, ọ̀gá! Abájọ tí gìtá yín fi ń wá tó ń lọ."